Ọjọ́ Tí Géèmù Ṣọjí Kọ Orin Ìlú Ìdóràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni nínú yín ló lè sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí ọmọ yín bá ṣe àṣìṣe, ẹ ó wò ó láti òkè délẹ̀, ẹ ó ní, "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀…" ẹ ó sì dákẹ́, ẹ ó fa ẹnu gùn bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ dá òwe náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí Ṣọjí, ẹ bi í pé ṣé ó wà ní Ìdóràn lọ́jọ́ náà. Èmi wà níbẹ̀. Ìlà ìjókòó kẹta ni mo jókòó sí.

Ìdóràn kì í ṣe ìlú ńlá, kì í sì í ṣe abúlé. Odò kan ló fi ń yangàn. Omi odò náà mọ́, ó tutù, ó sì dùn lẹ́nu, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn baba wọn fẹ́ ṣe orin fún ìlú, wọn ò rí ohun mìíràn sọ. "Ìdóràn, Ìdóràn, omi dídùn ni." Gbogbo orin náà nìyẹn. Wọn á kàn máa tún un kọ títí yóò fi rẹ̀ wọ́n.

Ìlú yìí ni Ṣọjí ń gbé. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ló ń ṣe ní oríta, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Fóònù tó bá bọ́ sómi, Ṣọjí á tú u, á fi búrọ́ọ̀ṣì nu inú rẹ̀, á gbé e sójú oòrùn, fóònù á sì jí. Ká ní ó fi mọ síbẹ̀ ni, à bá má ní òwe lónìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, nínú àpótí ẹrù àlòkù kan tó rà ní Ìbàdàn, ó bá géèmù àtijọ́ kan pàdé, irú èyí tí a máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú nígbà tí àwa wà ní kékeré. Ó rí gbọọrọ bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ojú rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ, àwòrán inú rẹ̀ sì dà bí ohun tí wọ́n fi omi ẹ̀fọ́ yà. Ẹnu mẹ́rin péré ni géèmù yìí ní. Méjì ń súfèé, ọ̀kan ń kùn bí oyin tó há sínú agolo, ìkẹrin ń ṣe ṣàà, ṣàà, bí ìgbà tí omi bá ta sínú epo gbígbóná. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ kankan. Kò lè pe "a" lásán.

Ṣọjí bá jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ́ bí èèyàn ṣe lè mú orin tí gbogbo ayé mọ̀, kí ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí ó sì tò ó sínú géèmù náà kí géèmù máa fi súfèé kọ ọ́. Orin ìjọ, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ, orin tí oníbúrẹ́dì fi ń polówó láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sọ di pi-pi-pí. N ò ní purọ́, ó dùn mọ́ wa nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé fóònù wá pé kí ó bá wọn fi orin géèmù sí i. Kódà, ìyá kan sọ pé ọmọ òun kì í sùn mọ́ àfi bí òun bá gbé fóònù tì í létí.

Ìyìn ni ó ba Ṣọjí jẹ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tín-ín-rín wo àwọn tí ń fi ẹnu kọrin. Á na ìka sókè bíi wòlíì, á ní, "Ọ̀rọ̀ inú orin, ẹrù lásán ni. Ta ló ń gbọ́ ọ? Ohùn nìkan ni orin. Èmi ti bá yín sọ ẹrù náà kalẹ̀."

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé etí òun kò mọ ohùn rárá. Bí ẹ bá kọrin fún Ṣọjí, kò lè fi èyí tó lọ sókè mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Wúrà, tó jẹ́ olùkọ́ orin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń ràn án lọ́wọ́. Wúrà á máa rẹ́ ilá nínú ilé ìdáná, á máa pe ohùn: "Re, re, mí, dò, re." Ṣọjí á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì í tẹ̀, Wúrà á fi ọ̀bẹ kan pákó: "Rárá o, dò ni mo wí." Ẹ ò rí i pé ẹnu Wúrà ni orin ti ń jáde; ọwọ́ Ṣọjí ló kàn ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n bí Ṣọjí bá ti dé ìta, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni, "Èmi nìkan ló ṣe é. Ẹ̀bùn ni."

Ọjọ́ Ìlú wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ilé-ìwé Wúrà, ogójì ọmọ, ló máa ń kọ orin ìlú níwájú Baálẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Wúrà ti ń kọ́ wọn, tí ó ń pín ohùn fún wọn, tí ó sì ń lé àwọn tó ń jẹ gúgúrú lẹ́nu orin jáde. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, Ṣọjí wọ kóòtù, ó gbé géèmù rẹ̀ sí abíyá, ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ìlú.

Alága ìgbìmọ̀ náà ni Olóyè Láṣẹ̀hìndé. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ dúdú, ó kún, ó sì ń dán bí ìgbà tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní, "Ìwà mímọ́ ni. Ẹni tí kò bá ṣe ìkà, irun rẹ̀ kì í kúrò." Àwọn ọkùnrin apárí ìlú á sì tẹrí ba.

Ṣọjí dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, kí ogójì ọmọ máa la ẹnu nínú oòrùn nítorí orin kan ṣoṣo? Ẹ̀rọ yìí á dá a kọ. Àwọn ìlú tó lajú ò fi ẹnu kọrin mọ́."

Ó tẹ géèmù. Géèmù súfèé. Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn lójú. Kò sí ẹni tí ohun náà yé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò yé òun. Olóyè Láṣẹ̀hìndé gbọn orí díẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n púpọ̀, ó ní, "Mo ti rí irú rẹ̀ lókè òkun."

Gbogbo ìgbìmọ̀ bá ní àwọn náà ti rí irú rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Nígbà tí Wúrà gbọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. "Bàbá Fadéyì, wọ́n ní àwọn ọmọ mi ò ní kọrin mọ́."

Ṣọjí ní, "Wúrà, ayé ti kúrò níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi o. Èdè Yorùbá ni orin yẹn. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ohùn tó bá kù, ibi tó bá wu oníkálukú ló máa gbé e lọ."

"Ara ló ń ta ọ́."

"Kò burú," ni Wúrà wí.

Ṣọjí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Inú rẹ ò ha dùn pé wàá sinmi?"

"Mo ní kò burú."

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ jókòó síbí, bí ìyàwó bá ti ní "kò burú" lẹ́ẹ̀mejì, kí ló yẹ kí ẹ ṣe? Ṣọjí ò mọ̀ ọ́n. Ó sùn, ó hanrun.

Ọjọ́ Ìlú pé. Pápá ilé-ìwé kún fọ́fọ́. Baálẹ̀ Adéwùsì jókòó síwájú, orí awọ ẹkùn tí gbogbo ayé mọ̀ ló sì jókòó lé. Ìtàn awọ náà, ọmọ ọwọ́ ní Ìdóràn mọ̀ ọ́n: nígbà tí Baálẹ̀ wà ní ọ̀dọ́, ẹkùn yọ sí i lọ́nà oko, ó fi àdá kan ṣoṣo pa á, ó bó o, ó sì jẹun ọ̀sán lẹ́yìn náà. Lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, wọ́n gbé iṣu kan ka orí tábìlì. Iṣu Màmá Oyènihún ni. Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí màmá yìí ti ń gba ipò kìíní nínú ìdíje iṣu, ó sì máa ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Olóyè Láṣẹ̀hìndé jókòó lápá òsì, irun rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Wúrà àti ogójì ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ní kí wọ́n lọ sinmi sí.

Ṣọjí jáde síwájú. Ó so géèmù rẹ̀ mọ́ gbohùngbohùn ńlá méjì tí wọ́n háyà. Bátìrì tuntun ló kì sí i, kí ó má bàa kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tẹrí ba, ó tẹ bọ́tìnnì.

Súfèé gba pápá kan. Apá "Ìdóràn, Ìdóràn" kọ́kọ́ jáde, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kejì wá dé: pi-pi-pí-pì-pi.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ bá mi kùn ún nímú. Re, re, mí, dò, re. Omi dídùn ni. Ó dáa. Ẹ wá yọ "omi" kúrò, ẹ yọ "dídùn" kúrò. Kí ló kù? Ṣé ẹ mọ iye ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè wọ aṣọ yẹn kí ó sì bá a mu rẹ́gí?

Lákọ̀ọ́kọ́, Baálẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín náà dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, Baálẹ̀ gbọ́ ọ kedere bí ẹni pé wọ́n pè é sí i létí: *Awọ rírà ni.*

Ara Baálẹ̀ ta kìjí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹkùn kankan kò yọ sí i rí. Ọwọ́ oníṣòwò kan ní Kánò ló ti ra awọ náà, kì í tilẹ̀ ṣe awọ ẹkùn. Aṣọ onírun tí wọ́n fi ń bo àga ni, ìwé pélébé tó sọ pé kí wọ́n má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ sì wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ títí dòní. Baálẹ̀ rọra fa agbádá bo eteetí rẹ̀.

Pi-pi-pí-pì-pi. Olóyè Láṣẹ̀hìndé gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Pi-pi-pí-pì-pi. Màmá Oyènihún ṣí gèlè lórí, ó fi bo iṣu rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà yẹ kí ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó dúró. Ṣọjí tẹ bọ́tìnnì pé kí ó dúró. Bọ́tìnnì wọlé, kò jáde mọ́. Eruku ogún ọdún ti há sábẹ́ rẹ̀. Géèmù ń bá orin lọ. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó kọ ọ́ lógún ìgbà. Ẹnu kẹrin wá ń fi ṣàà, ṣàà gbè é lẹ́yìn, bí ẹni tí ń fi ẹnìkan ṣẹ̀sín. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ẹlòmíràn ń wo ẹ̀yìn, ẹlòmíràn ń wá bàtà. Ṣọjí rò pé wọ́n ń dìde bu ọlá fún òun ni. Ó tẹrí ba. Ó sì fi kún ohùn gbohùngbohùn.

Baálẹ̀ fò dìde. "Pa á!"

Ọ̀rọ̀ Yorùbá! Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pa iná, "pa á" ló máa sọ. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pa ejò náà, "pa á" ló máa sọ. Olórí ọdẹ, Ọdẹ́táyọ̀, tó dúró ti Baálẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ò mọ èwo ni.

"Baálẹ̀, ṣé ẹ̀rọ ni kí n pa, àbí ọkùnrin yẹn?"

"Èyí tó bá máa kọ́kọ́ dákẹ́!"

Ọdẹ́táyọ̀ gbé ìbọn sókè sí gbohùngbohùn kan tó tóbi bí ilẹ̀kùn, tí kò sì jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó yìn ín. Máńgòrò kan já bọ́ lẹ́yìn pápá. Gbohùngbohùn náà wà níbi tó wà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìró ìbọn ti tú ìlú ká. Wọ́n gbé àga lulẹ̀, wọ́n tẹ àkàrà mọ́lẹ̀, ẹnìkan já wáyà. Gbohùngbohùn dákẹ́. Géèmù ọwọ́ Ṣọjí ò dákẹ́. Ohùn rẹ̀ kàn kéré ni, pi-pi-pí-pì-pi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Màmá Oyènihún já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn àlejò. Gbogbo wa wo inú ìkòkò. Omi ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: pu-pu-pú-pù-pu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbẹ́mìí mì.

Kí oòrùn tó kàn àtàrí, wọ́n ti wọ́ Ṣọjí dé ilé Baálẹ̀. Èèyàn kún inú ilé, wọ́n sì ń yọjú lójú fèrèsé. Àga lásán ni Baálẹ̀ jókòó lé. Awọ ẹkùn ti dàwátì. Olóyè Láṣẹ̀hìndé fa fìlà wálẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú. Ìdájọ́ tí wọ́n gbà lérò ò ní ojú àánú: kí Ṣọjí kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìdóràn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó má sì padà. Ṣọjí kúnlẹ̀. Ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wà ní ìlú yẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbẹ̀. Fadéyì ọmọ rẹ̀ sì wà ní ilé-ìwé níbẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ̀mí yín á gùn, kí ni mo ṣe?"

Baálẹ̀ ní, "O fi ẹ̀rọ bú mi ní gbangba."

Olóyè Láṣẹ̀hìndé wúkọ́. "Baálẹ̀, ẹ má bínú. Èmi ló bú."

"Ìwọ ta? Èmi ni, mo gbọ́ ọ."

"Èmi náà gbọ́ ọ, Baálẹ̀. Orúkọ mi nìkan ni kò dá."

Màmá Oyènihún nàró. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́! Bí ẹnikẹ́ni bá wà tí wọ́n bú lónìí, èmi abiyamọ ni!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí wọ́n bú, bí ẹni tí ń jà lórí oyè. Ìyá Ẹfúnbọ̀ ló dá wọn lẹ́kun. Ìyá yìí ni àgbà jù lọ ní Ìdóràn, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Etí rẹ̀ ti wúwo, kò gbọ́ ohunkóhun nínú orin náà, ìbọn nìkan ló gbọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, a kì í lé èèyàn kúrò nílùú nítorí èébú tí a kò mọ̀. Kí ẹni tí wọ́n bú sọ ohun tí wọ́n bú u, kí á lè mọ bó ti wúwo tó."

Baálẹ̀ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ìbínú ti bò ó lójú. Ó la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ogún ìgbà, níwájú àlejò, ó ń wí pé awọ rírà ni! Awọ rírà ni! Ta ló sọ fún un?"

Ẹnìkan ní ojú fèrèsé wá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Awọ wo, Baálẹ̀?"

Olóyè Láṣẹ̀hìndé bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ó gbá itan. "Awọ! Háà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gbogbo bí ẹ ti ń wò mí yìí, mo ti rò pé irun rírà ni ó ń wí!"

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó fẹ́ fi ọwọ́ di fìlà mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó fi gbá itan ti mú fìlà yẹ̀, irun sì bá fìlà lọ. Orí Olóyè ń dán ju bí irun rẹ̀ ti máa ń dán lọ.

Màmá Oyènihún ò lè dúró mọ́. Ó di ilẹ̀ mú, ẹ̀rín ń pa á kú, omi ń dà lójú rẹ̀. "Irun! Àbí ẹ ò rí ayé! Irun! Èmi tí mo ti ń gbàdúrà láti àárọ̀ nítorí pé mo gbọ́ iṣu rí…"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí màmá yìí ti ń pè ní ọ̀lẹ láti ọdún mẹ́sàn-án, yí padà wò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà náà ni Wúrà kọjá láàárín èrò pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí fi ọ̀rọ̀ inú orin náà hàn yín." Àwọn ọmọ la ẹnu: "Ìdóràn, Ìdóràn, omi dídùn ni." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kọ ọ́. Ojú ti gbogbo àgbà ìlú. Omi ni! Omi odò tí wọ́n ń mu láti kékeré!

Baálẹ̀ yíjú sí Ṣọjí bí ẹni tí omi ń gbé lọ tó rí igi. "Ìwọ tí o ṣe é ńkọ́? Kí ni ìwọ gbọ́?"

"Orin lásán ni mo gbọ́, Baálẹ̀."

Wúrà kùn ún nímú, ohùn rẹ̀ rọ̀: re, re, mí, dò, re. Ó tún un kùn. Òógùn bo Ṣọjí. Láti òwúrọ̀ ló ti ń gbọ́ ọ, láti ọjọ́ tí Wúrà ti kọ́kọ́ pè é fún un nílé ìdáná ló tilẹ̀ ti ń gbọ́ ọ, tí ó sì ń dibọ́n bí ẹni tí kò gbọ́.

"Orin Wúrà ni," ló wí.

"Kí lo wí?" ni Ìyá Ẹfúnbọ̀ bi í, ó tẹ́ etí.

Ṣọjí pariwo, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ní orin Wúrà ni! Èmi ò mọ dò yàtọ̀ sí re! Gbogbo orin tí mo ṣe láti ọdún yìí, òun ló ń pè é sí mi létí. Mo gba iyì rẹ̀, mo tún gba iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Wúrà, dárí jì mí."

Wúrà nawọ́ sí i. Ó ní, "Bàbá Fadéyì, ẹ dìde. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa bá mi gbé bẹ́ǹṣì fún àwọn ọmọ." Ṣọjí ní òun á gbé e. Ó ń gbé e títí dòní.

Ìyá Ẹfúnbọ̀ mi orí. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ò sọ ju ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Inú yín ló ti di odindi. Mo sì ti ń gbọ́ láti kékeré pé ọmọlúwàbí ni yín."

Ìyá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ni o! Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti rí ibi tí yóò gbà yọ. Ó dìde dúró, ó tún agbádá ṣe, ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí àgbà wí? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Àwa tí ó di odindi nínú wa yìí, àwa gan-an ni ọmọlúwàbí ìlú. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkankan, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò."

Olóyè Láṣẹ̀hìndé ní, "Àṣẹ!" Orí rẹ̀ ń dán bí ó ti ń wí i.

Ẹ̀yin náà mọ ìlú. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kì í ṣe ọmọlúwàbí? Ojú fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀. Adẹ́mu ìlú na ọwọ́ sókè: "Baálẹ̀, èmi náà gbọ́ ọ! Ó ní ẹmu rírà ni! N kì í gun ọ̀pẹ, ìlú kejì ni mo ti ń rà á, mo sì ń bu omi odò lé e!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdẹ́táyọ̀ ju ìbọn sílẹ̀: "Ẹran rírà ni! Láti ọdún mẹ́fà ni! Ẹ ò rí bí mo ṣe yin ìbọn?" Wọ́n ní wọ́n ti rí i, wọ́n dì mọ́ ọn. Arábìnrin kan tó ti Èkó mú ọkọ wá fún Ọjọ́ Ìlú sunkún pé òun gbọ́ ọkọ rírà ni, ọkọ náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọn orí bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ìlà àwọn ọmọlúwàbí ti gùn láti ilé Baálẹ̀ dé oríta. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí èmi gbọ́. Mo ṣáà tò sórí ìlà.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rí nǹkan sọ. Láwọyin ni, bíríkìlà kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Súfèé ni mo gbọ́. Ó dùn mọ́ mi." Àwọn ará ìlú pòṣé sí i. Ìyàwó rẹ̀ ò lè gbé ojú sókè. Ọkùnrin yìí ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ro inú ara rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kẹrin, ó sáré wọ ilé Baálẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Baálẹ̀, ó ti dé inú mi o! Ẹja rírà ni!"

Baálẹ̀ ní, "Ẹja wo?"

"Mo ra ẹja lọ́jọ́ ọjà tó kọjá."

"O wá sọ fún ìyàwó rẹ pé odò lo ti pa á?"

"Rárá o. Mo sọ fún un pé mo rà á ni. Òun náà ló rán mi."

Baálẹ̀ wo Olóyè. Olóyè wo Màmá Oyènihún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá fi àánú wo ọkùnrin náà, bí ẹni ń wo ọmọ tí kò lè kọ́ ìwé láéláé. Màmá Oyènihún ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó ní, "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Tìrẹ dé inú rẹ, kò bá nǹkankan níbẹ̀."